Eré Tí Wọ́n Fi Ṣọ́ọ̀bù Bunlert Ṣe

Ní òpópónà àtijọ́ tó wà létí odò Wang ní ìlú Lampang, bí èèyàn bá béèrè Bunlert agẹrun, ọmọdé á mú un débẹ̀. Ilé pákó ni. Ìsàlẹ̀ ni ó ti ń gẹrun, òkè ni ó ń sùn. Àga ìgẹrun méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni oníbàárà ń jókòó sí. Èkejì jẹ́ ti Thawin. Thawin ń tún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ṣe lẹ́yìn ọjà, bó bá sì ti dé nírọ̀lẹ́, á nà gbọnrangandan lórí àga yẹn, á máa ka ìwé ìròyìn sókè bí ẹni pé gbogbo ilé ló dití.

Irun àwọn méjèèjì ṣì dúdú kirikiri nígbà tí wọ́n jọ kó síbẹ̀. Orí Bunlert ti funfun báláú báyìí. Àwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, bẹ́ẹ̀ wọn kò fojú jọra, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Lampang, èkejì wá láti abúlé kan ní agbègbè Nan. Kò sẹ́ni tó wádìí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

Àìsàn kíndìnrín ló mú Thawin lọ. Ọwọ́ Bunlert ló kú sí, ní ọsibítù, láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò ń rọ̀. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ẹbí rẹ̀ ti dé láti Nan, wọ́n gbé òkú wọn, ó di ilé. Bunlert tẹ̀lé wọn. Níbi ìsìnkú, ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, láàárín àwọn awakọ̀ tí wọ́n gbà wá. Wọ́n pe àwọn ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá gbé aṣọ fún àwọn mọ́ńkì, àwọn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà, bí àṣà ìsìnkú wọn. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n, wọ́n pe àbúrò, wọ́n pe ìbátan tí Thawin kò rí láti kékeré. Wọn kò pe Bunlert. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sun òkú náà, tí wọ́n ń ṣa egungun nínú eérú, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Inú bọ́ọ̀sì ló wà nígbà yẹn, ó ń padà sílé.

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ti sú u. Onuma, opó tó ń ta núdù ìrẹsì ní ilé kejì, kò fi í sílẹ̀ ṣá. Bó bá ti kan ọ̀sán, á gbé abọ́ wá.

“Ẹ̀gbọ́n Lert, bí ẹ kò bá jẹ ẹ́, ẹ fi èébú dá abọ́ mi padà, kí n ṣáà mọ̀ pé ẹ wà láàyè.”

“Máa dúpẹ́ pé n kò lágbára èébú.”

“Ẹ jẹun, agbára á dé.”

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí Phirada fi wá láti Bangkok. Ọ̀dọ́bìnrin ni, olùdarí eré orí tẹlifíṣọ̀n. Eré ìfẹ́ láàárín ọkùnrin méjì ló fẹ́ ṣe, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń gba tiẹ̀ káàkiri, ó sì ń wá ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ tí yóò lò. Bó ṣe wọlé, ojú rẹ̀ bá àga kejì.

“Bàbá, ta ló ni èyí?”

Bunlert fẹ́ sọ pé ti àbúrò òun ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó kọ̀, kò jáde. Bóyá nítorí pé àlejò ni ọmọ náà, tí yóò lọ bó bá yá. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì sọ ọ́ fún un. Ó sọ bí Thawin ṣe kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́ nígbà ọdún olómi tí gbogbo ìlú ń da omi síra wọn lára, tí omi ń kán tótó lára rẹ̀, tó ní kí wọ́n gẹ irun òun nígbà tí irun náà kò tíì gùn. Ó sọ ìjà tí wọ́n jà lórí rédíò. Ó sọ bó ṣe ń bá a di abọ́ mú ní ọsibítù. Phirada ń sunkún kó tó sọ ọ́ dé ìdajì.

“Bàbá, ṣé ẹ ó jẹ́ kí n lò ó? Màá yí orúkọ padà. Agẹrun ni ọ̀kan, èkejì á máa tún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ṣe.”

Bunlert ronú sí i. “Bó o bá máa lò ó, jẹ́ kí wọ́n jọ darúgbó. Bí ọ̀kan bá sì máa kú, kó kú lọ́wọ́ èkejì. N kò ní ohun mìíràn tí mo fẹ́.”

“Mo ṣèlérí, Bàbá.”

Wọ́n gbé kámẹ́rà dé. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó fẹ́ ṣe eré náà rẹwà, ojú wọn ń dán bí àwo tuntun. Onuma wo èyí tí wọ́n fún ní òòlù pé kó kan ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó mi orí. “Ọmọ yìí rẹwà ju kó ríṣẹ́ ṣe lọ,” ni ó wí. Bunlert rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí eyín rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni eré náà ń jáde. Ilé oúnjẹ Onuma ni gbogbo àdúgbò péjọ sí, nítorí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ ló tóbi jù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí omi ń kán lára rẹ̀ ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù, tó ní kí wọ́n gẹ irun òun, Bunlert di etí tábìlì mú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, dígí rẹ̀ ni. Nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́ nínú eré, ẹnì kan jókòó sórí àga kejì, ó ń ka ìwé ìròyìn sókè. Àwọn èèyàn ń yọ́ ojú wo Bunlert. Òun kò wo ẹnì kankan.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e náà dára. Lẹ́yìn èyí ni ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Àwọn òṣèré méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpara pa ojú, wọ́n ń yí ike ìpara náà sí kámẹ́rà kí orúkọ rẹ̀ lè hàn.

“Ta ló ń pa ìpara nígbà tó ń kan irin?” ni Khamphan béèrè. Bàbá àgbàlagbà ni Khamphan, ó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, Thawin ló sì máa ń tún un ṣe fún un.

“Ẹni tí wọ́n sanwó fún ni,” ni Onuma dá a lóhùn.

Ó ṣe díẹ̀, wọn kò fọwọ́ kan ara wọn mọ́. Ọmọbìnrin onílé-ìtura kan yọ sínú eré náà láti Bangkok. Wọ́n ń jowú ara wọn, wọ́n ń ṣi ara wọn gbọ́, ọ̀rọ̀ tí ìṣẹ́jú kan ì bá yanjú gba odindi ọ̀sẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yínmú, wọ́n ń bú eré náà lórí fóònù wọn. Àwọn àgbà padà sí ilé wọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìparí, Onuma àti Khamphan nìkan ló ṣẹ́ kù ti Bunlert.

Ìgbéyàwó ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ṣe fẹ́ ọmọbìnrin onílé-ìtura. Agẹrun gbé òdòdó lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì wí fún ọkọ ìyàwó pé, “Ìwọ ni àbúrò mi títí láé.” Orin dé, orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n.

Khamphan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ó ti tán?”

“Ó tán,” ni Onuma wí. Ó pa tẹlifíṣọ̀n. “Ọdún tí òfin gbà pé kí ọkùnrin máa fẹ́ ọkùnrin ní ilẹ̀ yìí, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n wá gbé ìyàwó fún un.”

Bunlert kò gbéra nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbúrò yẹn ló gún un. Ká ní wọ́n pa ọmọ náà, ká ní wọ́n ní ó sá lọ, ì bá mú un mọ́ra. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

“Thawin kì í ṣe àbúrò mi.”

Onuma yí àga rẹ̀ sí i.

“Ọkọ mi ni, èmi náà sì ni ọkọ rẹ̀. Kò fẹ́ obìnrin kankan. Kò fi mí sílẹ̀ lọ síbì kankan.”

“A mọ̀, Lert,” ni Khamphan wí.

“Bí ẹ bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ ń pè é ní àbúrò mi?”

Bàbá àgbàlagbà náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. “A rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ká máa pè é ni.”

Òtítọ́ ni. Bunlert fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ilé, nígbà tí onílé béèrè ẹni tí èkejì jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ayé ti bá a gbé e. Onuma bu tíì sínú ife, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó sì jókòó tì í títí ó fi mu ún tán.

Phirada pè é lórí fóònù lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. “Bàbá, ẹ má bínú. Mo kọ ọ́ bí ẹ ṣe wí. Àwọn olówó eré ní ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wo arúgbó. Wọ́n gé e dànù, wọ́n sì ní kí ẹlòmíràn kọ ìparí rẹ̀.”

“Mo gbọ́, ọmọ mi. Ìlérí tó ju agbára rẹ lọ lo ṣe.”

Kò ṣépè fún un. Kò sì sọ fún un pé kò sí nǹkan.

Lọ́sẹ̀ náà, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Nan. Ó bá Buakhiao, àbúrò Thawin obìnrin, níwájú ilé, ó ń bó áyù. Obìnrin náà dá a mọ̀. Ó wò ó títí, ó sì tẹ́ ẹní fún un.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ọmọ mi fi eré kan hàn mí. Agẹrun kan ní Lampang, àti ọmọ Nan kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ṣe. Ẹ̀yin ni, àbí?”

“Àwa ni, níbẹ̀rẹ̀.”

Buakhiao bó áyù kan, ó bó òmíràn. “Nígbà tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó yẹn, inú mi dùn. Àdúrà tí ìyá wa gbà títí ó fi kú nìyẹn. Ó wá yé mi pé irọ́ ni inú mi ń dùn sí. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.”

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Inpan, ẹ̀gbọ́n Thawin, fi ti ẹ̀yìn ilé wá pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Kò kí àlejò.

“Kí ló wá gbà?”

“N kò wá gba nǹkan kan,” ni Bunlert wí. “Mo fẹ́ mọ ibi tó wà.”

“Egungun rẹ̀ kò ní kúrò níbí.”

“N kò ní kó kúrò.”

Inpan dúró díẹ̀, ó sì kọjá lọ sí oko. Kò ní kí wọ́n lọ, kò ní kí wọ́n má lọ. Buakhiao bá kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó mú Bunlert lọ sí tẹ́ḿpìlì. Ara ògiri ni wọ́n kó egungun náà sí, orúkọ Thawin wà lórí òkúta tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Bunlert kúnlẹ̀. Mọ́ńkì àgbà kan jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, Buakhiao sì gbé kẹ́tùlù kékeré tí wọ́n fi ń ta omi sílẹ̀ fún òkú lé e lọ́wọ́.

“Ẹ̀yin ni kí ẹ dà á.”

Bunlert dà á. Omi díẹ̀ dà sí orúnkún rẹ̀, ìyókù dà síbi tó yẹ.

Nígbà tí wọ́n délé, Buakhiao gbé ìrẹsì alálẹ̀mọ́ àti ata gígún sílẹ̀. Wọ́n jẹun díẹ̀ kí obìnrin náà tó béèrè ohun tó ti wà nínú rẹ̀.

“Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ wa?”

“Gbogbo ìgbà. Bí òjò bá ti ń bọ̀, á ní àwọn ará ilé òun á ti máa kó ìrẹsì wọlé. Ó tún ní ọjọ́ tí o bímọ, òun fẹ́ wálé, ẹ̀rù ló ba òun.”

Buakhiao fi etí aṣọ nu ojú. “Kí ló tún sọ?”

Bunlert bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ó sọ bí Thawin ṣe ń hanrun, bó ṣe ń kọ́ ẹyẹ lórin, ẹran tí kì í jẹ. Inpan ti oko dé. Kò wọlé, kò sì lọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń fi igi ha ẹrẹ̀ lára ọkọ́.

“Àpá kan wà ní ìgúnpá rẹ̀,” ni Bunlert ń wí. “Ó ní orí igi máńgòrò lòun ti já nígbà tí òun wà ní kékeré.”

“Kì í ṣe máńgòrò,” ni Inpan wí láti orí àtẹ̀gùn. Kò yíjú. “Igi ìbẹ́pẹ ni. Mo sọ fún un pé kó má gùn ún.”