Ìdọ̀bálẹ̀ Lẹ́nu Àwọ̀n

Bí mo bá rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àbúrò ìyá mi ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣì tuntun, kò sẹ́ni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n bíi tiẹ̀ ní gbogbo Rẹ́mọ. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan l'Ékòó ló gbà á síṣẹ́.

Ṣùgbọ́n èèyàn burúkú ni, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Tó bá ti gbá a wọlé, òun fúnra rẹ̀ á lọ gbé bọ́ọ̀lù náà, á dọ̀bálẹ̀ fún aṣọ́lé, á ní, "Ẹ gbà, bàbá. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀." Gbogbo pápá á bú sẹ́rìn-ín. Ní Ìsarà, ojú àna aṣọ́lé kan ló ti ṣe é fún un.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ fọ́, ẹgbẹ́ lé e, ó padà sílé wa ní Ìjókù. Aṣọ́lé Ìsarà yẹn wá kí i. Ó gbé bọ́ọ̀lù tuntun síwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ gbà, bàbá. Ẹ gbá a."

"Ṣé o ò rí ẹsẹ̀ mi ni?"

"Mo rí i. Òun ni mo ṣe gbé e wá."