Ẹja Abẹ́ Fèrèsé Bàbá Mi

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, ará Èkìtì tí kì í gbà pé ẹnì kan mọ nǹkan ju òun lọ. Lẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ kòtò ẹja kan sábẹ́ fèrèsé yàrá wọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń ta ẹja àrọ̀ inú rẹ̀, àfi ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń tọ́ láti ọdún mẹ́fà; òun nìkan ló kù nínú kòtò náà nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn ẹja ní Ìgándò máa ń kọ ìwúwo ẹja tó tóbi jù sára ògiri ilé ìpàdé wọn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín. Ibẹ̀ ni bàbá mi fẹ́ kí orúkọ wọn wà.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká gbé ẹja náà lọ wọ̀n ni àìsàn kíndìnrín dá wọn dùbúlẹ̀. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n máa múra sílẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo lè fún wọn ju orúkọ ara ògiri yẹn lọ.

"Ọjọ́ méjì gbáko kó o tó gbé ẹja náà lọ, má fún un ní nǹkan kan," bàbá mi kìlọ̀ fún mi. "Tó bá yó, á bì sínú omi tí o bá fi gbé e, omi náà á sì pa á. Wọn kì í kọ òkú ẹja sára ògiri."

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ̀n ọ́n nílé lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo máa gbé e lọ, díẹ̀ báyìí ló kù kó ju ti ara ògiri lọ. Alágídí ló bí alágídí. Mo ra ìfun adìyẹ, mo dà á sí i títí ikùn rẹ̀ fi rí rogodo.

Láàárọ̀, mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù, mo gba kẹ̀kẹ́. Ká tó kọjá Ìdímù, omi náà ti ń rùn. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí ní Ìgándò, ikùn funfun rẹ̀ ló kọjú sókè. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ náà ṣàánú mi, ó ní ká gbé e sórí ìwọ̀n ṣá. Ó ju ti ara ògiri lọ. Akọ̀wé wọn kò tilẹ̀ mú búrọ́ọ̀ṣì. Inú bí mi sí gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo pa á.

Nígbà tí bàbá mi béèrè, mo ní ó ju ti ara ògiri lọ. Wọ́n ní kí n dá a padà sómi, kí àwọn gbọ́ ìró rẹ̀. Mo ju òkú náà sínú kòtò, omi ró gbàmù, bàbá mi sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n sùn lọ́sàn-án, mo gbé e jáde, mo sin ín sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àràárọ̀ ni ẹja yẹn máa ń na omi tó bá ń jẹun, tí bàbá mi á máa gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kejì, mo da oúnjẹ sójú omi tó pa rọ́rọ́, mo sì dúró. Ohùn wọn rọra jáde láti ojú fèrèsé.

"Má dà á ṣòfò mọ́. Ó ti yó."

Wọn kò bi mí léèrè ẹja náà mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.