Irin Kékeré Inú Àpò Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo máa ń tẹ́ ẹní ìrun síwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní àdúgbò PK8, níhìn-ín ní Libreville. Irin àlòkù ni bàbá mi ń rà. Ẹ̀yin ọmọ mi, atẹ́gùn ọkọ̀ tí ń sáré kọjá kì í jẹ́ kí ẹní jókòó jẹ́ẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan ta irin kan fún bàbá mi, tí kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ ṣùgbọ́n tó wúwo gan-an, ó dùn mọ́ ọn. Òun ló fi ń tẹ ẹní mọ́lẹ̀. Bí a bá kírun tán, á sọ ọ́ sápò ṣòkòtò kí wọ́n má baà jí i.

Kò pẹ́ tí itan bàbá mi fi pọ́n, tó bó bíi ti ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Iná ò sì jó o. Ìyá mi ń fi òrí pa á. Èmi ń lọ, mo ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà ló béèrè ohun tó máa ń wà nínú àpò yẹn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá. Bó ti sún mọ́ irin náà, ó ń ta bí àgbàdo nínú agbada. Wọ́n fi ẹ̀rọ náà yẹ ara gbogbo wa wò, kò dún. Ẹni tó mú un dání fi Faransé ṣàlàyé fún bàbá mi pé ìtànṣán olóró tí ojú kò rí, tó ń jáde lára irin náà, ló jó o. Ká ní irin náà ti fọ́, tí ìyẹ̀fun rẹ̀ dà sílẹ̀, à bá máa gbé e kiri lára aṣọ àti ọwọ́. Ṣùgbọ́n kò fọ́, kò sì lè ti ara wa ran ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi í sínú àpótí òjé, wọ́n gbé e lọ.

Síbẹ̀, àdúgbò ti gbọ́ pé àìsàn ilé wa ń ràn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, láti ẹ̀yìn lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, mo rí bàbá mi lórí àga, àlàfo lọ́tùn-ún, àlàfo lósì. Àwa tí kì í jẹ́ kí àlàfo wà nínú ìlà ìrun.

Ládàánì, arúgbó kan tó máa ń pe ìrun, wá bá a. “Alájì, wọ́n ní ẹ máa ń ràn.”

“Bàbá, bí oòrùn bá pa yín lọ́jà, ṣé ẹ máa ń gbé oòrùn wọlé fún ìyàwó yín ni?”

“Á lé mi jáde.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dúró tì í tímọ́tímọ́. Ẹlòmíràn sún mọ́ ọn. Àlàfo dí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó dá bàbá mi sí fún wa, bó tilẹ̀ tiro títí dọjọ́ ikú. Lóde òní, ẹ̀ ń fi fóònù wádìí ohun gbogbo. Nígbà tiwa, ọwọ́ la fi ń wádìí. Síbẹ̀ ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Bí ọmọ-ọmọ mi bá ti ilé ìwé dé, àpò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń tú.