Orin Tí Ìyá Dàpọ̀ Fi Ń Lọ Ṣẹ́ẹ̀tì

Mo ń lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan lọ́wọ́ nígbà tí Signora, obìnrin tó ni stireria tí a ti ń lọ aṣọ ní Padua, ní Ítálì, wá dúró sẹ́yìn mi. Lira la ṣì ń ná nígbà yẹn. Ó ní kí n fi èdè wa sọ fún Ìyá Dàpọ̀, tí a jọ ń lọ aṣọ níbẹ̀, pé bí ọwọ́ wọn kò bá yá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, òun kò ní sọ contratto wọn, ìwé àdéhùn iṣẹ́, dọ̀tun. Contratto yẹn ni Ìyá Dàpọ̀ fẹ́ fi gba ìwé ìgbélùú tuntun.

Ìyá Dàpọ̀ mọ iṣẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì wọn ló ń dá wọn dúró. Orin sóòlù àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n kó wá láti Ìbàdàn, irú èyí tí ọkùnrin ti máa ń bẹ obìnrin títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Bí olórin bá fa ọ̀rọ̀ gùn, Ìyá Dàpọ̀ náà á fa áyọ́ọ̀nù. Bó bá dákẹ́ láti sunkún, áyọ́ọ̀nù náà á dúró. Báyìí ni ṣẹ́ẹ̀tì dókítà kan ṣe jóná láyà.

Mo jíṣẹ́ fún wọn, mo sì ní kí wọ́n pa kásẹ́ẹ̀tì náà.

"Ṣé kí n wá máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni?" ni wọ́n bi mí.

Mo fẹjọ́ sun Desmond, ará Jàmáíkà tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó aṣọ wa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, rédíò Amẹ́ríkà máa ń wọlé sí Kingston lálẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ á sì máa kọ́ orin wọ̀nyẹn, pẹ̀lú bí ohùn mẹ́ta ṣe ń gbe ara wọn. Ó ní ọ̀pọ̀ régè ìgbà àkọ́kọ́, inú orin wọ̀nyẹn ló ti jáde.

"Ọ̀rọ̀ orin kò yí padà, Sister. Ibi tí ẹsẹ̀ ń bọ́ sí ló yí."

Lọ́jọ́ kejì, ó mú kásẹ́ẹ̀tì régè àtijọ́ kan wá. Orin tí Ìyá Dàpọ̀ fẹ́ràn jù ló kọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Ọkùnrin náà ṣì ń bẹ̀bẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣì ń há, ṣùgbọ́n béèsì ti bọ́ síwájú, gìtá sì ń já wọlé ṣókí ṣókí láàárín ìlù kan sí èkejì.

"Ta ló ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án?" Ìyá Dàpọ̀ figbe ta. "Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí ọkùnrin yìí sunkún tán!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣáà máa lọ aṣọ."

Irin kan wà lábẹ́ tábìlì tí a máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kí tábìlì lè fa ooru omi inú aṣọ mu, kí aṣọ sì gbẹ. Bí gìtá bá ṣe ń já wọlé ni ẹsẹ̀ Ìyá Dàpọ̀ ń tẹ irin náà. Kí olórin tó bẹ̀bẹ̀ tán, ṣẹ́ẹ̀tì kan ti wà lórí ìkọ́. Wọ́n ń bú àwọn ará Jàmáíkà, ẹsẹ̀ wọn kò sì ṣìnà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Signora wo àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí Ìyá Dàpọ̀ ti lọ̀. Ó lọ mú contratto wá, ó na bírò sí wọn.

Ìyá Dàpọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n ká a sínú báàgì, wọ́n wá fà mí sún mọ́ ara wọn.

"Ìyá Bùnmi, bá mi tọrọ kásẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́wọ́ Desmond. Ṣùgbọ́n má sọ fún un pé mo gbádùn ẹ̀ o. Sọ pé iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe."