Ẹyin Inú Omi Eérú

Ẹyin náà rì lọ sí ìsàlẹ̀ igbá, ó sì jókòó síbẹ̀. Ìyá àgbà fi ṣíbí gbé e jáde, wọ́n da omi eérú inú igbá padà sínú ìkòkò, wọ́n sì koná mọ́ ìdí rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ń ta mí nímú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n tún bu omi náà, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n sì rọra gbé ẹyin sí i. Lọ́tẹ̀ yìí kò rì. Ó yí díẹ̀, orí rẹ̀ yọ lójú omi, funfun, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

"Ó ti dé," ni wọ́n wí, bí ẹni pé àlejò ló wọlé. "Ọkọ mi, wá wò ó. Èékánná àtàǹpàkò. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀."

Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n, ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Oǹdó. A ó sá èèpo kòkó títí yóò fi gbẹ, a ó sun ún di eérú, a ó kó eérú náà sínú ajere, ìkòkò tí wọ́n lu ihò sí nídìí. Bí a bá ti da omi lé e lórí, omi tó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì á máa kán tó, tó, tó sínú abọ́ ìsàlẹ̀. Omi yẹn la ó sè pẹ̀lú àdín títí yóò fi di ọṣẹ. Bí omi bá rọ̀ jù, ọṣẹ ò ní dì. Bó bá le jù, á bó èèyàn lára.

Kí ẹyin tó dé, ahọ́n ni gbogbo àwọn tó ń ṣe ọṣẹ fi ń dá a mọ̀. Wọ́n á ti ìka bọ omi, wọ́n á fi kan ahọ́n. Ìyá àgbà ti ṣe é láti ìgbà ọmọge, ahọ́n wọn ò mọ iyọ̀ mọ́. Èmi ni mo máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò fún wọn. Lọ́jọ́ kan adìyẹ wa yé sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ omi eérú, ẹyin náà sì yí bọ́ sínú rẹ̀. Ó léfòó. Ìyá àgbà dúró tì í, wọ́n ń wò ó títí iṣu tó wà lórí iná fi jóná. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo omi tí wọ́n bá sè ni wọ́n ń gbé ẹyin sí, wọ́n á wo bó ṣe yọ tó, wọ́n á wo bí ọṣẹ ṣe rí. Nígbà tí wọ́n rí i dájú, ibi tí wọ́n kọ́kọ́ ti sọ ọ́ ni ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nǹkan le nígbà náà. Ọṣẹ ìfọṣọ ti di nǹkan tí wọ́n ń gé wẹ́wẹ́ tà, ọ̀pọ̀ obìnrin sì fẹ́ mọ iṣẹ́ ọṣẹ. Ẹni tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà wa, Ìyá àgbà á fi hàn án. Obìnrin tó ń gbé ilé kejì bá wọn wí, ó ní ṣé wọn ò lè fi díẹ̀ pamọ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ahọ́n tèmi ti lọ," ni wọ́n dáhùn. "Ṣé kí tiwọn náà máa bọ̀ lẹ́yìn ni?"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Méjì nínú àwọn tí wọ́n kọ́ ti pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ́jà. Agbọ̀n wa tó máa ń ṣófo bọ̀ ti ń gbé ọṣẹ padà wálé. Ìrẹsì ọjọ́ Sunday ti di gààrí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo sì ka gbogbo ẹni tó ń wá kọ́ṣẹ́ sí olè.

Bí obìnrin kan ṣe wá láti Àkúrẹ́ nìyẹn, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ìwé kékeré kan. Ọ́fíìsì ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n owó oṣù rẹ̀ ò ra nǹkan mọ́, ó sì lọ́mọ mẹ́ta. Gbogbo ohun tí Ìyá àgbà sọ ló ń kọ. Àdín tán, Ìyá àgbà sáré lọ yá díẹ̀ nílé kejì, wọ́n ní kí n fi ẹyin hàn án kí wọ́n tó dé.

Mo gbé ẹyin sínú igbá. Ó yọ bó ṣe yẹ, èékánná àtàǹpàkò géérégé. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó.

"Èyí ò tíì tó, mà," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kó yọ dé ìdajì kẹ́ ẹ tó da àdín sí i."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní mo gbọ́n, ó bu búrẹ́dì fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Kò pé oṣù kan tó padà wá, kò mú búrẹ́dì dání. Ègé ọṣẹ kan ló tú jáde látinú ọ̀rá. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló fi wẹ̀, ọwọ́ ọmọ náà sì bó. Kò bá wa jà. Ó kúnlẹ̀, ó ń bi Ìyá àgbà pé kí ni òun ṣì ṣe, ó wá ṣí ìwé rẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ tèmi jáde ketekete. Ìyá àgbà kọjú sí mi. Wọ́n yíjú padà sí obìnrin náà. Wọ́n bi í bóyá ọmọ náà ń sùn dáadáa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì a wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́. A ri ẹyin mẹ́ta mọ́ inú gààrí kí wọ́n má baà fọ́, abọ́ náà wà lórí itan mi. A ti kọjá odò Ọ̀wẹnà kí Ìyá àgbà tó kọjú sí mi.

"Bí o bá ti ní o ò ní sọ, ǹ bá gbà fún ọ," ni wọ́n wí nígbà náà. "O kéré, ebi ń pa ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí o sọ yìí, ta ló wúlò fún?"

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di abọ́ ẹyin mú.

Àwọn obìnrin agboolé ìyá ọmọ náà ti pé nígbà tí a dé. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, wọ́n ní èmi ni kí n ṣe é. Mo gbé ẹyin sí omi, mo fi èékánná mi hàn wọ́n, mo sì fẹnu ara mi sọ ohun tí mo ti ṣe. Ẹnì kan pòṣé. Ọmọbìnrin náà jókòó lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ti fi òrí pa á lọ́wọ́ títí dé ìgúnpá. Ó tó ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹyin ló tẹjú mọ́, kì í ṣe èmi.

"Ṣé omi yẹn ń ta òun náà lára?" ló bi mí.

"A ò tíì bi í," ni Ìyá àgbà bá mi dáhùn.

Lẹ́yìn náà ni ìyá ọmọ náà gbé abọ́ kan jáde, ojú ń tì í. Ó ní òun ò lè da ọṣẹ burúkú yẹn nù, òun fi omi tú u, òun tún un sè pẹ̀lú àdín sí i. Ìyá àgbà fi pa ọwọ́ ara wọn, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, ó kúnná ju tiwa lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè bí ọmọ iléèwé: omi tó báwo, iná tó báwo, kí lo kọ́kọ́ rí? Wọ́n ní kí n gba ìwé, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn.

N ò ní parọ́, a pàdánù. Kò pẹ́ tí ọṣẹ Àkúrẹ́ fi dé ọjà Oǹdó, wọ́n wé e dáadáa, àwọn oníbàárà wa sì ń rà á. Ìyá àgbà náà ra ẹyọ kan. Wọ́n fi wẹ̀, wọ́n ní ó dára ju tàwọn lọ, wọ́n sì ń rò ó títí ilẹ̀ fi ṣú bóyá àdín ni àwọn ará Àkúrẹ́ yí padà. Iléèwé mi ò kọjá girama kékeré. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọṣẹ ò sí nínú rẹ̀.

Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún; jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe báyìí, ní Àkúrẹ́ níbí. Bí ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí bá wá bi mí bí mo ṣe rí ojútùú nǹkan, irọ́ ìdajì ẹyin yẹn ṣì máa ń wá sẹ́nu mi. Màá wo èékánná àtàǹpàkò mi, màá wá sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí obìnrin kan tó tó ogún ọdún bá sì gbé jẹnẹrétọ̀ wá, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, títí dé ìgúnpá.