Ọwọ́ Halvor àti Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Yà Lójú Títì

Ní àfonífojì tiwa níbí, ní Montana, bí màlúù bá ń rọbí tí ọmọ kò wá, Halvor Brekke ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Kì í ṣe dókítà ẹran. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Ọwọ́ náà tóbi bí ṣọ́bìrì, ṣùgbọ́n kì í gbọ̀n. Mo ti rí i níbi tó ti ń rán ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin nínú òtútù tó mú omi dì nínú garawa, tí abẹ́rẹ́ ń wọlé tó ń jáde bí ìgbà tí ìyá àgbà bá ń rán aṣọ tábìlì. Ọwọ́ yẹn kan náà ló wá di ohun tí kò jẹ́ kó rí oorun sùn.

Ilé rẹ̀ wà lókè pátápátá, níbi tí ọ̀nà parí sí. Kó tó dé ìlú, ó ní láti sọ̀kalẹ̀ gba ọ̀nà kan tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta. Bí o bá ń lọ sísàlẹ̀, àpáta wà lọ́wọ́ òsì rẹ, odò wà lọ́wọ́ ọ̀tún, nísàlẹ̀ réré. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ló ń wà, àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ṣí, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà á, ẹrẹ̀ tàbí yìnyín kì í dá a dúró. Òun nìkan ló ń wà á. Lorna ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ̀ kékeré tirẹ̀, ó sì ní òun kò lè jókòó sídìí ohun tó ń rùn bí ilé màlúù.

Ìgbà tí wọ́n ń kó koríko gbígbẹ ìkẹyìn wọlé, tí ewé igi ti ń pọ́n, ni Halvor kọ́kọ́ fura. Ó ń bọ̀ láti ìlú lórí títì tó gún régé, afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́, àfi bí ọkọ̀ ṣe rọra yà sí àárín títì. Ó dá a padà. Ọkọ̀ kọjá ibi tó fẹ́, ó forí lé inú koríko etí ọ̀nà. Ó tún dá a padà. Nígbà tó fi máa délé, ó ti rí i pé gbogbo ọ̀nà lòun fi ń dá ọkọ̀ padà bí ẹni tó ń da ewúrẹ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì nínú àgbàlá, ó jókòó síbẹ̀, ó sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ẹni tí kò mọ bàbá Halvor lè béèrè pé kí ló dé tí kò wo táyà. Sigurd, bàbá rẹ̀, àrùn gbígbọ̀n ló pa á. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ ń jó fúnra rẹ̀ bí bàbá náà bá jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, títí ó fi já sínú kòtò lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Nígbà tó yá, kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu mọ́. Halvor ló ń bọ́ ọ, tó ń nu ọbẹ̀ kúrò lágbọ̀n rẹ̀, bàbá á sì kọjú sí ògiri, kò ní fẹ́ wo ojú ọmọ. Ní báyìí, Halvor ti dé ọjọ́ orí tí Sigurd wà nígbà tí àtàǹpàkò náà bẹ̀rẹ̀ ijó. Ìdí nìyí tí ọkàn rẹ̀ kò fi lọ sọ́dọ̀ ọkọ̀ rárá.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán ara rẹ̀ wò ní kọ̀rọ̀. Á bu kọfí kún ife dé etí, á gbé e dúró, á tẹjú mọ́ ọn. Á lọ sílé ẹran, á máa ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìrán nǹkan kan. Ẹni tó bá sì ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ báyẹn, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ohun tó ń wá. Láwọn ọjọ́ mìíràn, kọfí náà mì lóòótọ́.

Lorna rí i níjọ́ kan. "Halvor, kí lò ń wò nínú ife yẹn? Ṣé eṣinṣin kó sí i ni?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Mu ún nígbà náà. Kò ní bá ẹ sọ̀rọ̀."

Dewey Ansbach, tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti Halvor pààlà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, pàdé rẹ̀ níwájú ilé ìtajà oúnjẹ ẹran. Ibi tí èrò wà ló ti pariwo: "Halvor! Ẹ̀yìn ẹ ni mo wà látorí afárá. Ṣé ejò lò ń lé lójú títì ni, àbí ìwọ gan-an ti di ejò?"

"Ìwọ lò ń sáré jù, Dewey. Ojú ẹ ló ń yí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Halvor náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọlọ́pàá dá a dúró. Kip lorúkọ ọmọkùnrin náà, Halvor ló kọ́ ọ lẹ́ṣin gígùn nígbà tó wà ní kékeré. Ojú ń tì í bó ṣe ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá Brekke. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọkọ̀ yín ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ṣé ẹ ti mu nǹkan díẹ̀ ni?"

"Kọfí ni mo mu, Kip."

"Mo gbà yín gbọ́, sà. Ẹ ṣáà bá mi fẹ́ èémí sí ẹ̀rọ yìí, kí n lè sọ pé mo ṣiṣẹ́ mi."

Halvor fẹ́ ẹ. Kip wo ẹ̀rọ náà, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. "Ó mọ́ tónítóní! Àárẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ lọ sinmi."

Kip lọ tayọ̀tayọ̀. Halvor ń rò ó lọ sílé. Ì bá ṣe pé ọtí ni, ọtí ṣe é fi sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá àwáwí. Bí wọ́n bá pè é síbi màlúù tó ń rọbí, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Bí ó bá di dandan kó lọ sílùú, á lọ láàárọ̀ kùtùkùtù kí ọkọ̀ ẹlòmíràn tó jáde, á di sítíárìn mú títí èjìká á fi le gbagidi. Ó rù. Lorna rò pé inú rírun ló ń ṣe é, ó sì ń gbàdúrà.

Yìnyín àkọ́kọ́ wá bọ́ ṣáájú àsìkò. Wọ́n ń sìnkú olùkọ́ àgbà kan nílùú lọ́jọ́ náà, Lorna sì wà lára àwọn tó máa se oúnjẹ fún ìdílé náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ kékeré rẹ̀ kò lè gba ọ̀nà àpáta náà nínú yìnyín. Ó gbé àwo ńlá pòtétò tó fi wàràkàṣì yan lé orí itan, ó wọ píkọ́ọ̀pù, ó ní, "Ó yá, a ti ń pẹ́."

Halvor kò rí àwáwí kankan.

Ó ń rọra sọ̀kalẹ̀. Lorna ń sọ̀rọ̀ nípa olóògbé, Halvor kò gbọ́ ọ. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti ká kọ́rọ́kọ́rọ́, tírélà tó kó gẹdú sì yọ láti ìsàlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ọ̀nà tán. Píkọ́ọ̀pù ń yà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Halvor yí sítíárìn sọ́tùn-ún. Sítíárìn yí, ọkọ̀ kò yí. Ó tún fi kún un, ọkọ̀ sì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fò sí etí odò. Táyà ha okúta nílẹ̀, irin ààbò etí ọ̀nà ké rara, wọ́n sì dúró. Tírélà kọjá pẹ̀lú fèrè gbọọrọ. Pòtétò ti dà sí Lorna lára.

"Ṣé o wà láàyè?" Halvor béèrè.

"Mo wà láàyè. Pòtétò nìkan ló kú. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú rẹ̀. Wọ́n ń gbọ̀n bí ewé, ta ni tirẹ̀ kò ní gbọ̀n? "Ọwọ́ mi ti lọ, Lorna. Ti bàbá mi ló dé yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ."

Lorna gbọn oúnjẹ kúrò lára aṣọ tó wọ̀ fún ìsìnkú, ó ní, "Bọ́ sílẹ̀. Wá síbí. Èmi ni màá wà á."

Ó gbé ọkọ̀ kúrò lára irin, ó ń rọra lọ. Kò tíì dé kọ́nà tó tẹ̀lé e tó fi kígbe, "Ah! Halvor! Wo nǹkan tó ń ṣe!" Ó ń yí sítíárìn sí òsì, sí ọ̀tún, bí ẹni tó ń ro ọkà, orí ọkọ̀ kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń yí nǹkan. "Ìwọ ọkùnrin yìí! Ọkọ̀ ló ń ṣàìsàn! Ohun tó o fi ń gbé mi sọ̀kalẹ̀ òkè nìyí?"

Halvor fi ọwọ́ bo ojú. Lorna kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun. Wọ́n fi ìrìn ìgbín dé ìlú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rọra gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ Dewey, tó ní ṣẹ́ẹ̀dì ńlá àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀. Halvor sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti bàbá rẹ̀. Dewey kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó di táyà mú lápá méjèèjì, ó mì ín. Kò-kò-kò, ó ń dún. Orí ọ̀pá tó so táyà mọ́ sítíárìn ló ti gbó. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, Halvor sì gbé ọkọ̀ jáde lọ dán an wò.

Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti funfun. "Ó ṣì ń yà."

"Bó ṣe ń yà tẹ́lẹ̀?"

"Ó dín kù. Ṣùgbọ́n ó ń yà."

Dewey ní kí wọ́n mú síkúrúù orí àpótí sítíárìn le díẹ̀, àpótí irin tó ń gba agbára ọwọ́ awakọ̀ lọ fún táyà. Halvor fẹ́ mú un le dé òpin. Dewey gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. "Jẹ́jẹ́! Bó bá le jù, wàá yí kọ́nà tán, sítíárìn kò ní padà bọ̀ sípò. Inú odò yẹn náà ni wàá ti bá ara ẹ."

Ó tún jáde. Ó tún padà. Kò tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀ mọ́. Ó jókòó sídìí sítíárìn, ó ń wo iwájú. "A ti ṣe gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀, Dewey. Ó ku èmi."

"Dákẹ́ ẹnu ẹ."

"Bóyá àwa méjèèjì la jọ ń ṣàìsàn, èmi àti ọkọ̀."

Lorna ló yanjú rẹ̀, pẹ̀lú ìbínú. Ó lé e kúrò lórí àga, ó jókòó síbẹ̀. "Ìwọ tí ò ń ṣọ́ ọwọ́ ara ẹ láti ọjọ́ yìí, wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, kó o ṣọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi á máa yí i." Ó ṣáná sí ọkọ̀, táyà sì wà nílẹ̀ báyìí, kò sí lórí jáàkì.

Halvor fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹrẹ̀ ọdún gbọọrọ ló lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ó ti le bí bíríkì. Ó bu omi gbígbóná lé e, ó fi ọ̀bẹ họ ọ́. "Yí i," ó ní. Lorna yí i. Halvor fi ojú sún mọ́ ọn. "Tún yí i, díẹ̀díẹ̀." Lẹ́yìn náà ló pariwo: "Dewey! Wá wo nǹkan!"

Àpótí sítíárìn fúnra rẹ̀ ló ń rìn. Irin gbọọrọ tó ru gbogbo ọkọ̀, èyí tí wọ́n de àpótí náà mọ́, ti là níbi tí bóòtì gbà wọlé. Bí Lorna bá yí sítíárìn, ojú lílà náà á ṣí. Bó bá dá a padà, á pa dé, bí ẹnu ẹja. Gbogbo agbára ọwọ́ Halvor, ibẹ̀ ló ń lọ, kì í dé ọ̀dọ̀ táyà.

"Mo ní kó o dákẹ́ ẹnu ẹ," Dewey wí, ó sì nawọ́ mú sípánà.

Wọ́n tú àpótí náà, wọ́n fi ẹ̀rọ lọ ojú lílà náà títí irin tuntun fi yọ, Dewey jó o pọ̀, ó gé irin pẹlẹbẹ kan tó nípọn, ó fi bóòtì dè é mọ́ ọn. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí wọ́n tó ṣetán. Halvor nìkan ló wà á lọ sí ọ̀nà àpáta. Lorna àti Dewey dúró lẹ́nu géètì. Dewey ń jẹ èékánná.

Ó pẹ́ kó tó dé. Wọ́n gbọ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó rí i. Halvor dúró níwájú wọn, ó yọ orí síta.

"Ó ń lọ tààrà," ó ní.

Àmọ́ ẹ̀rù tó ti gbé inú ènìyàn pẹ́ kì í bá ọkọ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni Lorna mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan nílùú. Dókítà ní kó fi ìka lu ìka, kó kọ orúkọ rẹ̀, kó rìn lọ kó rìn bọ̀, kó jókòó kó gbé ọwọ́ lé itan. Ó wò ó, ó sì wò ó.

"Mi ò rí àrùn gbígbọ̀n náà lára yín, Bàbá Brekke," ó ní. "Mi ò lè bá yín búra fún ọ̀la. Àmọ́ mi ò rí i lónìí. Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ká tún wò ó."

Halvor sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yẹn tó òun. Ó ní kì í ṣe pé ẹ̀rù tán, pé ó dín kù dé ìwọ̀n tí èèyàn lè gbé. Nígbà òtútù yẹn, ó sọ gbogbo bí ọdún ìkẹyìn bàbá rẹ̀ ṣe rí fún Lorna, ohun tí kò tíì sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Lorna náà ń wa píkọ́ọ̀pù báyìí bí yìnyín bá pọ̀, tòun ti òórùn màlúù.

Dewey kò sì lè gbàgbé ojú lílà yẹn. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná àti ọ̀bẹ. Kò pẹ́ tó fi fi ẹsẹ̀ rin gbogbo òkè náà dé ọ̀dọ̀ Halvor, kò wọ ọkọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Tèmi náà ti là," ó ní. "Kò tíì pọ̀. Bí irun orí báyìí. Ṣé o mọ iye ìgbà tí mo ti gbé àwọn ọmọ-ọmọ mi sínú ẹ̀?"

Halvor na ọwọ́ mú kóòtù rẹ̀ lára ògiri. "Jẹ́ ká lọ wò ó," ó ní.