Ilà Tí Kọ̀ǹpútà Kọ sí Bàbá Lójú

Ọdún méjìdínlógún gbáko ni Ìbíjọkẹ́ fi tẹ táípì ní Iléṣà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Nígbà tó di ọdún 1998 tó rí i pé àwọn oníbàárà ń dín kù, ó ta táípì méjèèjì, ó sì ń wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ọláìtán. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ sikánà gbé fọ́tò wọ inú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n tó kan bí wọ́n ṣe ń mú kí fọ́tò tó ṣú bàìbàì mọ́ kedere. Wákàtí kan péré ni wọ́n lò lórí ẹ̀.

Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì tí Adétọ́lá já wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkèsà. Tíṣà ni Adétọ́lá. Ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ ti há.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Bàbá mi ti sọnù láti àárọ̀ Ọjọ́rú. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí nǹkan mọ́. Ìbòkun ni mo ti mú wọn wá sọ́dọ̀ mi. Mo kàn lọ pọn omi ni, ìgbà tí mo dé, mi ò bá wọn."

Fọ́tò tó mú wá, ti ẹgbẹ́ àwọn bàbá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni. Ènìyàn bí ogójì ló wà níbẹ̀. Bàbá Akínkúnmi, bàbá Adétọ́lá, wà ní ìlà kẹta, ojú rẹ̀ kò ju èékánná lọ.

"Kò sí òmíràn?"

"Wọn ò fẹ́ràn fọ́tò."

Ìbíjọkẹ́ gbé e sórí sikánà, ó gé ojú bàbá náà yọ, ó fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Gbogbo rẹ̀ wá rí bí ẹni tó wà lẹ́yìn èéfín. Ó rántí irinṣẹ́ tó ń mú fọ́tò mọ́ kedere, èyí tó kọ́ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn yẹn. Ó ṣí i, ó fa àmì tó ń mú kó ṣiṣẹ́ sí i síwájú díẹ̀. Ojú bàbá náà là díẹ̀. Ó tún fà á. Adétọ́lá ní, "Áà, ẹ wo fìlà wọn!" Ni Ìbíjọkẹ́ bá fà á dópin. Ìpéǹpéjú yọ, etí fìlà yọ. Adétọ́lá bú sẹ́kún, kò lè wò ó mọ́, ó yíjú sí ògiri. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ìwé ìkéde pé bàbá sọnù ni wọ́n tẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bánjí, awakọ̀ tó ń ná Ifẹ̀wàrà, ti kó lára rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìbíjọkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nígbà tí Adétọ́lá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìkéde kan lọ́wọ́. Kò kí i.

"Ta ló kọ ilà fún bàbá mi?"

"Ilà kẹ̀?"

"Ẹ wò ó. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Bàbá mi ò kọlà! Obìnrin kan ní Ifẹ̀wàrà rí bàbá kan láàárọ̀ àná, ó jókòó síwájú àgọ́ tí obìnrin náà ti ń yan gàrí, ó ń béèrè omi. Bánjí fi ìwé yìí hàn án lálẹ́ àná. Obìnrin náà ní kì í ṣe bàbá yẹn, pé ẹni tóun rí ò nílà. Ó ti jẹ́ kí wọ́n máa lọ, ẹ̀gbọ́n."

Ìbíjọkẹ́ gba ìwé náà, ó wò ó. Kò rí bàbá náà sójú rí. Ohun tí kọ̀ǹpútà fún un ló gbà. Ó mú kọ́kọ́rọ́, wọ́n sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyanu ni pé iná wà, àmọ́ ó ń ṣẹ́jú, wọn ò sì mọ ìgbà tí yóò lọ.

Nígbà tó wo fọ́tò náà dáadáa, ó rí i pé ìwé fọ́tò fúnra rẹ̀ ti hunjọ, ojú ibi tó hunjọ náà sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá méjèèjì kọjá; òun ni irinṣẹ́ náà sọ di ilà. Ọ̀rọ̀ Ọláìtán wá padà sí i létí: "Kọ̀ǹpútà ò mọ ojú ènìyàn, mọ́mì. Ibi tí dúdú bá ti pàdé funfun nìkan ló mọ̀. Yóò fi dúdú kún dúdú, yóò fi funfun kún funfun. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un pé ó tó."

Ó pa iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní kí sikánà wo ojú bàbá nìkan, kó wò ó fínnífínní, kó má baà ní láti fẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Ó fi sùúrù pa àwọn ibi tó hunjọ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, Adétọ́lá ń nàka sí i: "Ìyẹn ò sí lójú wọn. Ìyẹn wà, àpá ni, ẹ fi sílẹ̀." Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí ló tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ yẹn. Díẹ̀. Ó fojú sí etí fìlà. Bí ìlà funfun kan ṣe fẹ́ yọ níbẹ̀, àmì pé ó ti ń pọ̀ jù, ó dá a padà sẹ́yìn. Fọ́tò náà ṣì ṣú díẹ̀. Ó tẹ ẹyọ kan jáde.

"Ṣé bàbá yín rèé?"

Adétọ́lá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀dà mẹ́fà ni wọ́n tíì tẹ̀ kí iná tó lọ.

Ìbíjọkẹ́ ò dúró kí wọ́n pè é. Ó bá Adétọ́lá wọ ọkọ̀ Bánjí. Ní Ifẹ̀wàrà, Phebe, obìnrin tó ń yan gàrí yẹn, ò tíì wo ìwé náà tán tó fi kígbe.

"Òun ni! Jésù! Òun ni mo fún lómi!" Ó nàka sí ọ̀nà oko kan. "Ibẹ̀ ni wọ́n gbà."

Wọ́n rìn, wọ́n ń pe orúkọ bàbá. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀, ọyẹ́ sì ti ń mú lára. Ìbíjọkẹ́ ń ka ọjọ́ nínú ọkàn rẹ̀: Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú. Kò jẹ́ wo ojú Adétọ́lá.

Inú ahéré tí wọ́n ti ń sá kòkó ni Bánjí ti rí i. Bàbá Akínkúnmi fẹ̀yìn ti àpò, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, ètè rẹ̀ ti bó. Awẹ́ obì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò jẹ.

"Bàbá mi!"

Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọkọ̀ Ìbòkun ni mò ń dúró dè," ló wí. "Ó pẹ́ kó tó dé."

"Ó ti dé, sà," ni Bánjí dáhùn, ó sì gbé e pọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá náà lò ní ọsibítù kó tó lè dìde rìn. Adétọ́lá ò wá sí ṣọ́ọ̀bù Ìbíjọkẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, Ìbíjọkẹ́ ò sì dá a lẹ́bi. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kejì tí wọ́n rí bàbá, Ìbíjọkẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ń ti ibùdókọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń já ìwé ìkéde tí wọ́n tẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn kúrò lára ògiri. Nígbà tó kó wọn jọ tán, ó padà wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, ó ní kí Ọláìtán tún ẹ̀kọ́ wákàtí kan yẹn kọ́ òun láti ìbẹ̀rẹ̀.